Páálí olójú, ìkarahun, álíbọ́ọ̀mù: kí la ó pe ibi tí ọmọdé ń kó owó onírin sí?

Okun o, ẹ̀yin ará ilé.

Olùkọ́ tó béèrè láti Ìsánlú ń kọ ìwé ìtọ́ni kékeré fún àwọn ọmọ tó ń kó owó onírin jọ, ó sì ń wá orúkọ fún ohun tí wọ́n ń kó o sí. Ẹ̀gbọ́n wa ará Mopa dábàá "àpò ọ̀rá" fún èyí tó ń gba owó onírin kan ṣoṣo, àti "ìwé ìkówósí" fún álíbọ́ọ̀mù. Àbúrò wa ní Kàbà ní ká kúkú pe gbogbo rẹ̀ ní "ilé owó ẹyọ". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orúkọ tí a bá fún nǹkan yìí ni òbí máa gbé lọ sọ́jà, òun náà ni wọ́n sì máa fi tà fún un.

Owó ẹyọ ló rọrùn jù láti yanjú. Owó ẹyọ ni èyí tí àwọn baba wa ń kà ní ọ̀kẹ́ kan, ọ̀kẹ́ méjì, 20,000 nínú ọ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá rí i lára èèpo ìwé, ẹyọ gan-an ló máa lọ wá, ẹ̀yìn ẹyọ sì yọ gọngọ ju ohun tí àpò álíbọ́ọ̀mù lè gbà. "Owó wẹ́wẹ́" náà ò ṣe é lò, torí náírà márùn-ún tí kì í ṣe onírin, owó wẹ́wẹ́ ni lọ́jà. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí "owó onírin". Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní pẹ́nì oníhò ọdún 1959 kì í ṣe irin, bàbà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òótọ́ ni, kì í ṣe gbogbo owó onírin ni irin. Ẹ fún ọmọ ní mágínẹ́ẹ̀tì kó fi yẹ̀ ẹ́ wò: kọ́bọ̀ mẹ́wàá ọdún 1973, tó ní igi ọ̀pẹ lára, kò ní gbé e, náírà kan ọdún 1991, tó ní àwòrán Herbert Macaulay, á gbé e, torí irin tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò ni. Irú owó bẹ́ẹ̀ ló ń dípẹtà láti inú wá bí nǹkan bá ha ìbòrí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó le ni "ọ̀rá". Ọ̀rá omi, ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ẹ̀wà, ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo ìwé, ọ̀rá ni gbogbo rẹ̀ lẹ́nu wa. Ní ti owó onírin, wọn kì í ṣe ẹbí ara wọn. Èyí tí wọ́n fi PVC, oríṣi ike kan, ṣe, wọ́n po òróró kan mọ́ ọn kó lè rọ̀. Tó bá pẹ́ díẹ̀, pàápàá nínú ooru ilẹ̀ wa, òróró yẹn á máa jáde, PVC fúnra rẹ̀ á sì máa tú ásíìdì sílẹ̀. Ásíìdì á bá bàbà inú owó jà, ohun aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́wọ́ á yọ sójú rẹ̀. Bí wọn ò bá tètè rí i, á jẹ ojú owó, ohun tó bá jẹ kò ní padà mọ́. Ọ̀rá PET, tí àwọn kan ń pè ní Mylar, àti PP àti PE kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ká má sì fi rírọ̀ àti líle pín wọn, PE náà rọ̀, kò sì ní ẹ̀bi kankan. Àkọlé ara páálí tí wọ́n fi kó wọn wá ni ká kọ́kọ́ kà. Bí kò bá ní àkọlé, ká fi imú sí i: PVC tuntun máa ń rùn bíi bọ́ọ̀lù ọmọdé tuntun. Nítorí náà, mo dábàá "ọ̀rá olóòórùn" fún PVC, kí olùkọ́ sì kọ ọ́ gàdàgbà pé a ò fẹ́ ẹ. Owó tó ti ní ohun ewé yẹn lára, àgbàlagbà ni kó fi ásítóònù pọ́ńbélé fọ̀ ọ́, níta, níbi tí kò sí iná. Kì í ṣe oje olóòórùn dídùn tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Ọsàn wẹ́wẹ́, eérú àti ìpara tí wọ́n fi ń dán idẹ, ká má fi kan owó kankan.

Èyí tó yẹ ọmọdé jù lọ ni páálí kékeré, 5 sẹ̀ǹtímítà níbùú àti lóròó, tó ní ojú róbótó tí wọ́n fi ọ̀rá PET bò. "Páálí olójú" ni mo pè é. Kí ọmọ fi rúlà wọn ìbú owó ní mìlímítà, kó wá mú páálí tí ojú rẹ̀ tóbi jù ú lọ díẹ̀: owó 23, ojú 25. Bí ojú bá kéré, etí owó á wọ abẹ́ páálí, páálí ò ní pa dé dáadáa. Bí ó bá sì jẹ́ irú èyí tó ní gọ́ọ̀mù, gọ́ọ̀mù á lẹ̀ mọ́ owó. Kí ó fi bírò kọ orúkọ sára páálí kí owó tó wọlé, bíi "kọ́bọ̀ 25, 1973, ẹ̀pà", torí bírò tó bá tẹ ọ̀rá á tẹ owó. Etí ni kó fi di owó mú, kó gbé e sí àárín ojú, kó ṣẹ́ páálí po, kó fi sítépúlà kàn án ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta tó ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, àgbàlagbà á fi ẹ̀mú tẹ ẹsẹ̀ píìnì pẹrẹsẹ. Ẹsẹ̀ píìnì tó bá yọ síta á ya ọ̀rá páálí kejì, á sì ha owó inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yọ owó, píìnì ni kó kọ́kọ́ jáde. Ẹni tó bá fa páálí ya, ẹsẹ̀ píìnì á gba ojú owó kọjá.

Ìdérí ọ̀rá líle tó mọ́ bíi dígí, oníbejì, tó ń pa dé pọ̀ yí owó ká: "ìkarahun". Owó kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ má kó o fún ọmọ fún gbogbo owó, kìkì fún ọ̀kan tàbí méjì tó ṣe iyebíye.

Lórí álíbọ́ọ̀mù, ẹ jẹ́ ká fi orúkọ náà sílẹ̀ bó ṣe wà. "Ìwé ìkówósí" á máa dún bí ìwé báńkì. "Ewé alápò" ni ká pe ojú-ewé rẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ ń gba páálí olójú ogún, mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́, márùn-ún sísàlẹ̀. Pátákó oníhò, tí wọ́n ń tẹ owó bọ̀ nínú ihò, ò ṣe wá láǹfààní tó bẹ́ẹ̀: èyí tó ń wá láti Amẹ́ríkà, owó tiwọn ni wọ́n wọn ihò rẹ̀ fún, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo sì ni owó á máa hàn. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, kò sí èyíkéyìí nínú wọn, torí owó lè há a lọ́fun.

Èyí tó kù ni àpò kékeré tó ní ilé méjì, ọ̀kan fún owó, èkejì fún bébà àlàyé. Mo ń pè é ní "àpò ìbejì". Ẹni tó bá ní orúkọ tó dára ju èyí lọ, kó mú un wá, ṣùgbọ́n kó má ní "ọ̀rá" nínú.