Ta ló gbé àfonífojì èédú ní Wales ní kékeré? Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè

Àbẹ̀kẹ́_Cardiff kọ̀wé:

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ni mò ń ṣe, apá Rhondda, àfonífojì tí wọ́n ti ń wa èédú tẹ́lẹ̀, ni wọ́n sì máa ń rán mi lọ jù. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń wẹ̀ fún láràárọ̀. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, inú kòtò èédú ló sì ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi tì í pa. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn bàbá, àyà mi já. Àpá wẹ́wẹ́ aláwọ̀ búlúù wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wà léjìká, ó wà lẹ́yìn ọwọ́, bí ìgbà tí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún èèyàn. Ojú ń tì mí láti bi í.

Orí àga ló ń sùn, kì í lè dùbúlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ kan tí kò yé mi, "cwtch". Lọ́jọ́ kan ó ní kí n lọ gbé ìgbálẹ̀ sínú cwtch. Nígbà tó tún yá, tí mo sọ fún un pé màmá mi ṣaláìsí nílé, ó na apá méjèèjì, ó ní kí n wá gba cwtch. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni? Ǹjẹ́ ọmọ Yorùbá kankan wà níbí tó gbé ibẹ̀ ní kékeré? Mo fẹ́ mọ irú ayé tí àwọn arúgbó yìí ti wá.

Bàbá_Olúmọ fèsì:

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, Ọlọ́run á tẹ́ màmá sáfẹ́fẹ́ rere. Ìbéèrè rẹ kò jẹ́ kí n sùn lánàá.

Rhondda Fach ni mo gbé, láti 1962 tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin títí di 1970. Bàbá mi ń kàwé ní Cardiff, màmá mi ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kò sì sí ẹni tó máa bá wọn mú ọmọ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà ló ń fi ọmọ sọ́dọ̀ òyìnbó nígbà yẹn, tí wọ́n á máa sanwó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí mo ṣe bọ́ sọ́wọ́ awakùsà kan àti ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Mam àti Dad ni mo ń pè wọ́n. Títí di òní, n kò ní orúkọ mìíràn fún wọn.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni cwtch. Ihò kékeré abẹ́ àtẹ̀gùn ni, ibi tí a ń kó èédú sí. Àwọn awakùsà ní ẹ̀tọ́ sí èédú tiwọn. Ọkọ̀ á wá dà á sójú títì níwájú ilé, gègèrè, àwa ọmọdé la ó sì fi korobá kó o wọlé kílẹ̀ tó ṣú. Tó bá jẹ́ ilé opó, gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń bá a kó o, Mam kì í sì í jẹ́ ká gba kọ́bọ̀. Bí èédú bá ti lọ sílẹ̀ nínú cwtch, mo máa ń wọ ibẹ̀ lọ sá pamọ́. Ó há, ó ṣókùnkùn, kò sí atẹ́gùn tó ń wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá fapá gbá ẹ mọ́ra, irú ibẹ̀ yẹn ló fi ẹ́ sí. Tí ìyá yẹn bá tún napá, lọ bá a.

Àpá búlúù yẹn kì í ṣe gbẹ́rẹ́, àmọ́ bí gbẹ́rẹ́ ṣe ń wọra náà ló ṣe wọ̀ ọ́ lára. Òkúta á já lu awakùsà, á ya á lára, eruku èédú á wọ ojú egbò, awọ á wá pa dé mọ́ ọn. Kì í lọ mọ́ láé. Ọ̀kan wà níwájú orí Dad, mo máa ń fi ìka tọ̀ ọ́ tí mo bá jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ilé ìwẹ̀ wà lẹ́nu kòtò, ó máa ń wẹ̀ kó tó wálé, àmọ́ èédú kì í kúrò létí ìpéǹpéjú. Àfi bí ẹni tó lé tìróò. Nígbà tí wọ́n mú mi dé Abẹ́òkúta ní 1970, ìyá bàbá mi jáde wá pàdé mi tòun ti tìróò lójú, ni mo bá bú sẹ́kún. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe mí.

Ti oorun orí àga yẹn, eruku ni. "Eruku" lásán làwọn náà ń pè é. Ó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì ti mú un le. Tí bàbá bá ń sọ̀rọ̀ tí èémí rẹ̀ gé, má bá a parí gbólóhùn náà. Dúró dè é.

Jones, Evans, Davies àti Williams ló kún àdúgbò, iṣẹ́ ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀: Jones Oníwàrà, Dai Oníbúrẹ́dì, bí àwa náà ṣe ń pe Ìyá Ẹlẹ́kọ. Èmi nìkan lọmọ dúdú ní kíláàsì wa. Wọ́n pè mí lórúkọ tí kò dáa, n kò ní purọ́ fún ẹ. Àmọ́ àwọn àgbà á máa bi mí bóyá mo mọ Paul Robeson, olórin dúdú ará Amẹ́ríkà. Ó ti kọrin fún wọn ní Mountain Ash ní 1938. Ní 1957, tí ìjọba Amẹ́ríkà ti gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró ní New York, ó kọrin sínú tẹlifóònù, àwọn awakùsà sì jókòó ní Porthcawl, wọ́n ń gbọ́ ọ. Dad wà nínú gbọ̀ngàn náà. Tó bá ń sọ ọ́, á máa nàka sí mi, bí ẹni pé mọ̀lẹ́bí mi ni Robeson.

Ọdọọdún ni ilé ìjọsìn ń kó wa lọ sí etíkun Barry. Àmọ́ eré tiwa gan-an, orí òkìtì ni. Pàǹtí inú kòtò ni wọ́n ń dà jọ sórí òkè lẹ́yìn ilé. A máa ń jókòó sínú tíréè Mam, a ó sì máa yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, 21 oṣù kẹwàá 1966, òkìtì keje ní Aberfan, abúlé awakùsà kan, ya wálẹ̀, ó bo ilé ẹ̀kọ́ Pantglas àtàwọn ilé tó wà nítòsí. Èèyàn 144 ló kú, 116 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, ẹgbẹ́ mi ni wọ́n. Dad àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ṣọ́bìrì, wọ́n lọ bá wọn wúlẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kejì ló dé. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kò tíì wẹ̀, ẹrẹ̀ bò ó. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó di ẹsẹ̀ mi mú látorí bùláńkẹ́ẹ̀tì, kò sì sọ nǹkan kan. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Mam ti gbé tíréè yẹn síbi tọ́wọ́ wa kò lè tó. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ká má gun òkìtì mọ́. A ò gùn ún mọ́.

Ọmọ_Nọ́ọ̀sì fèsì:

Bàbá, ẹ ṣé, ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ̀yìn yín ni tèmi. Nọ́ọ̀sì ni màmá mi lágbègbè yẹn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn awakùsà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta 1984. Ọdún kan gbáko ni. Àwọn ìyá ló ń se oúnjẹ fún gbogbo ìlú ní gbọ̀ngàn àwọn awakùsà. Màmá mi gbé ìkòkò ìrẹsì alátá lọ. Ata ń ta wọ́n, wọ́n ń mumi sí i, wọ́n sì jẹ ẹ́ kanlẹ̀.

Ní kòtò èédú Maerdy, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó já ẹgbẹ́. Ní 5 oṣù kẹta 1985 tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n tò lẹ́yìn àsíá àti ẹgbẹ́ onífèrè, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. A tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, à ń pàtẹ́wọ́, àwọn ìyá ń sunkún. Oṣù kejìlá 1990 ni wọ́n ti kòtò náà pa, òun ló gbẹ̀yìn ní Rhondda. Àbẹ̀kẹ́, tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni bàbá yín ti ṣiṣẹ́, ẹ bi í nípa àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Àbẹ̀kẹ́_Cardiff kọ̀wé:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ṣé, ọ̀rẹ́. Maerdy náà ni o!

Mo bi í láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń fi kàn-ìn-kàn-ìn fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní kí n máa fọwọ́ kàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó sì ń sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe débẹ̀ àti ẹni tó fà á jáde lábẹ́ òkúta. Èémí rẹ̀ gé lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo dúró dè é. Nígbà tó dórí ti èjìká òsì, ìyàwó rẹ̀ yọjú látilé ìdáná, ó ní òun ò gbọ́ ìtàn tìyẹn rí láti ọjọ́ tí àwọn ti fẹ́ra, ó sì wá jókòó sórí ìbòrí ṣaláńgá tì wá. Mo pẹ́ dé ilé kejì, mo ti bẹ̀ wọ́n.