Kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ mi ń yọ̀: ṣé dísìkì nìkan ni kí n pààrọ̀, ọ́ìlì wo sì ni kí n dà sínú gíà?

Awakọ̀ Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Kétu ní ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ ni mo wà. Peugeot 306 ni ọkọ̀ mi, ẹ́ńjìnì 1.9 tó ń mu gásóìlì. Òun ni mo fi ń gbé àwọn ìyá ọlọ́jà lọ sí Pobẹ, bí èrò bá sì pọ̀, a máa ń dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ohun tí àwọn mẹkáníìkì ilé wa níbí ń pè ní àǹbiréyáàjì, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ohun tó ń so ẹ́ńjìnì mọ́ gíà tó sì ń já a, òun ló ń dà mí láàmú. Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní Abẹ́òkúta, ẹ jẹ́ kí n kúkú máa pè é ní kílọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, mo kó ìyá mẹ́rin, àpò gàrí mẹ́ta wà ní búùtù, àgbàdo wà lórí ọkọ̀. Bí a ṣe dé ibi tí ọ̀nà ti gòkè díẹ̀, mo tẹ iná sí i. Ẹ́ńjìnì pariwo, ọkọ̀ kò yára. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ariwo ń pọ̀ sí i, àwa ń falẹ̀ sí i. Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn mi ní, "Ọmọ mi, ṣé ọkọ̀ rẹ ń sunkún ni?" Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí òórùn kan fi kún inú ọkọ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ju ìwo màlúù sínú iná. Méjì nínú wọn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé orí òkè. Wọ́n ṣáájú wa débẹ̀.

Mẹkáníìkì mi ní dísìkì, ìyẹn àwo inú kílọ́ọ̀ṣì tó ń gbá ẹ́ńjìnì mú, ti jẹ tán. Ó ní dísìkì nìkan lòun máa pààrọ̀, òun mọ ibi tí òun ti lè rí àlòkù tó ti Faransé wá ní Kútọnu, kí n mú 30.000 fàráǹkì wá, ọjà àti owó iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kejì: ní oṣù méjì sẹ́yìn, òun náà ló ṣe fídáńjì gíà fún mi, ìyẹn ni pé ó pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Ọ́ìlì tó dà sí i ki bí oyin, ó sì ń rùn bí ẹyin tó ti dọ̀bu. Orúkọ tó wà lára agolo rẹ̀ ni 80W-90 GL-5. Ó ní ọ́ìlì líle ni, pé ó máa pẹ́ níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ọyẹ́ bá mú láàárọ̀, gíà kejì kì í fẹ́ wọlé títí ara ọkọ̀ yóò fi gbóná. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni Peugeot ṣe máa ń ṣe.

Ṣé òótọ́ ló ń sọ, àbí ó kàn rí i pé mi ò mọ nǹkan kan?

Oníkajú Ṣábẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe dísìkì nìkan. Mo ti jẹ ẹ́ rí. Lásìkò kajú, mo ní kí wọ́n pààrọ̀ dísìkì píkọ́ọ̀pù mi, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀, torí mo fẹ́ ṣọ́ owó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́rìn kílọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ìgbà tí wọ́n ń lọ ata lórí ọlọ tí kò ní omi. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́bàá Ìdáṣà ló fọ́n ká pátápátá, ẹrù kajú wà lẹ́yìn mi. Òru méjì ni mo sùn sínú ọkọ̀. Wọ́n ní òkè Ìdáṣà jẹ́ 41. Mo ráyè kà wọ́n.

Gíà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, òun náà ni wọ́n tún sọ̀, mo sì san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá Onígíà, Àjàṣẹ́

Ọmọ mi, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ ní Àjàṣẹ́ yìí. Peugeot 404 àti 504 ni mo fi kọ́ṣẹ́. N kò ní bú mẹkáníìkì rẹ, ṣùgbọ́n kò bi ọkọ̀ náà léèrè nǹkan kan kó tó dá a lẹ́jọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó tú nọ́ọ̀tì kankan, ẹ wo wáyà kílọ́ọ̀ṣì. Wáyà ló ń fa ti 306 rẹ. Bó bá fún jù, ńṣe ló dà bíi pé ẹsẹ̀ rẹ wà lórí pẹ́dà tọ̀sán-tòru; dísìkì tuntun pàápàá yóò máa yọ̀. Bí wáyà bá dára, gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú, fa búréèkì ọwọ́ dáadáa, fi sí gíà kẹrin, tẹ iná díẹ̀, kí o máa fi pẹ́dà sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ kú. Bó bá ń dún lọ bí ẹni tí kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀ lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí o ṣe é o, torí ìdánwò yẹn náà ń jó dísìkì.

Fetí sílẹ̀ pẹ̀lú. Ariwo tó bá dé nígbà tí o tẹ pẹ́dà, ti bútéè ni, ìyẹn bẹ́rìn tó wọ́lẹ̀ fún ọmọ Ṣábẹ̀ yẹn. Èyí tó bá wà nígbà tí o kò tẹ̀ ẹ́, tó sì dákẹ́ bí o ṣe tẹ̀ ẹ́, inú gíà ni kí o máa wò.

Ṣùgbọ́n ohun tó dá mi dúró nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni oṣù méjì yẹn. Kílọ́ọ̀ṣì lè jẹ tán fúnra rẹ̀, pàápàá lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń fi pẹ́dà di ọkọ̀ mú lórí òkè títí ìyá ọlọ́jà yóò fi ka ṣéńjì tán. Mo mọ̀ yín. Àmọ́ gíà tí wọ́n da ọ́ìlì sí, tí kílọ́ọ̀ṣì wá ń yọ̀ láìpẹ́ sí i, mo máa kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ́ìlì ti kan dísìkì. Ọ̀nà méjì ló lè gbà débẹ̀: síìlì (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì) tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì, àti síìlì tó wà níwájú gíà. Bí wọ́n bá ti sọ gíà kalẹ̀, fi imú gbọ́ ọ. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tó ń mu gásóìlì máa ń dúdú bí ẹ̀ẹ́dú. Ti gíà ló ń rùn bí ẹyin tó o sọ yẹn. Dísìkì tí ọ́ìlì bá ti wọ̀ lára, kò sí bí ẹ ṣe lè fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá sì fi tuntun sí i láìdí ibi tó ti ń jò, òun náà á yọ̀.

Bi í ní ìbéèrè yìí fún mi: nígbà tó ń rọ ọ́ìlì, ṣé ọkọ̀ wà ní títẹ́jú, àbí ó fi jáàkì gbé apá òsì nìkan sókè? Nọ́ọ̀tì tí a ti ń rọ ọ́ wà lápá òsì, lẹ́yìn táyà iwájú. Ihò yẹn náà la fi ń wọ̀n ọ́n: bí ọ́ìlì bá ti ń kán láti ibẹ̀, ó ti kún. Ṣùgbọ́n bí apá òsì bá ga, ọ́ìlì á ṣàn lọ sí apá ọ̀tún, ihò náà kò ní tètè kún, yóò sì máa rọ ọ́ lọ bí ẹni ń rọ omi sínú apẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí líta méjì ni gíà yẹn ń gbà. Èyí tó bá lé, yóò wá ibi tó máa gbà jáde.

Nípa ẹrù tuntun: dísìkì, púlátò (irin tó ń tẹ dísìkì mọ́ ara ẹ́ńjìnì) àti bútéè, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀, àti síìlì méjèèjì. Owó síìlì kò pọ̀. Owó tí ẹ máa san láti tún sọ gíà kalẹ̀ nítorí rẹ̀ ló pọ̀. Gbé dísìkì àtijọ́ dání lọ sọ́jà, kí o wọn fífẹ̀ rẹ̀, kí o sì ka eyín inú ihò rẹ̀. Àlòkù dísìkì tó ti Faransé wá, bàtà tí ẹlòmíràn ti wọ̀ dé gìgísẹ̀ ni. Kí wọ́n wo ojú irin róbótó tí dísìkì ń fara tì, bóyá ó ti sán tàbí ó ti di aró níbi tó ti gbóná jù. Kí wọ́n fi ẹ̀sánsì nu ojú púlátò tuntun, torí òróró tí wọ́n fi pa á kó má baà dípẹtà wà lára rẹ̀. Kpayo, ẹ̀sánsì inú ìgò ẹ̀bá ọ̀nà, náà tó fún ìyẹn. Dísìkì gbọ́dọ̀ wà láàárín gbùngbùn kí gíà tó wọlé. Igi gúáfà tí mo gbẹ́ fúnra mi ni mo fi ń tò ó, ó sì ń ṣiṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí gíà fi gbogbo ara rọ̀ sórí dísìkì nígbà tí wọ́n bá ń tì í wọlé, á tẹ̀ ẹ́.

Ó ku ọ́ìlì. 75W-80 ni ìwé Peugeot kọ fún irú gíà tìrẹ. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bó ṣe ń ṣàn nígbà òtútù, èyí tó tẹ̀ lé e ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná. 80W-90 ki jù ú lọ lápá méjèèjì, ìdí nìyẹn tí gíà kejì fi ń ṣe agídí nínú ọyẹ́. GL-5 sì jẹ́ ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún pọ́ǹtì ẹ̀yìn (ohun tó ń yí táyà ẹ̀yìn), níbi tí eyín irin ti ń yí tí ó sì ń fi agbára fa ara lórí ara. Imí-ọjọ́ inú rẹ̀ (òun ló ń rùn yẹn) pọ̀ ju ti GL-4 lọ dáadáa. Nínú gíà, òrùka idẹ kan wà tí a ń pè ní sénkrò. Ó gbọ́dọ̀ gbá eyín gíà mú, kó dá a dúró díẹ̀, kí èkejì tó wọlé. Bí ọ́ìlì bá yọ̀ jù, òrùka náà kò ní lè di nǹkan mú. Àwọn GL-5 mìíràn tún máa ń jẹ idẹ náà díẹ̀díẹ̀. Wá GL-4, 75W-80.

Kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì òkè kí wọ́n tó tú ti ìsàlẹ̀. Mo ti rí ẹni tó da ọ́ìlì nù tán kó tó rí i pé ti òkè ti gan.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Bàbá, ẹ ṣé, a ń kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n Corolla mi, GL-5 ni mo ń lò láti ọjọ́ yìí, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń wa Honda, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló dà sí gíà. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń dẹ́rù bà wá?

Bàbá Onígíà, Àjàṣẹ́

Ìwé Toyota fún ọ̀pọ̀ Corolla gba GL-4, ó gba GL-5, 75W-90. Ìwé àwọn Honda àtijọ́ sọ pé bí o kò bá rí ọ́ìlì tiwọn, kí o fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì 10W-30 rọ́pò fúngbà díẹ̀. 504 tí mo fi kọ́ṣẹ́ gan-an, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì là ń dà sí gíà rẹ̀, pọ́ǹtì ẹ̀yìn ló ń gba èyí tó ki. Ohun tí Corolla ń mu kọ́ ni 306 ń mu. Ọmọ Kétu yìí ni mo ń dá lóhùn.

Awakọ̀ Kétu

Bàbá, ẹ kú àṣálẹ́. Ànà ni wọ́n sọ gíà kalẹ̀. Mo jókòó sórí táyà, mi ò kúrò níbẹ̀.

Wáyà kò fún jù. Ìdánwò gíà kẹrin, ẹ́ńjìnì kò kú. Bí gíà ṣe kúrò lára ẹ́ńjìnì báyìí, òórùn ẹyin gba gbogbo gáráàjì. Ọmọ iṣẹ́ kan fi ọwọ́ bo imú. Ara dísìkì tutù fún ọ́ìlì, apá kan rẹ̀ sì ti jó dúdú. Síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì gbẹ. Ti iwájú gíà ló ń jò. Mo bi mẹkáníìkì ní ìbéèrè yín. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wo jáàkì, ó ní òsì nìkan lòun gbé lọ́jọ́ náà, agolo mẹ́ta onílíta kan ló sì wọ̀ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ní òun kò ní gba owó iṣẹ́ síìlì.

Nígbà tí wọ́n da ọ́ìlì àtijọ́ nù, mo fi ìka méjì pa á nínú oòrùn. Irun irin díẹ̀ lẹ̀ mọ́ màgínẹ́ẹ̀tì nọ́ọ̀tì, àmọ́ nínú ọ́ìlì gan-an, nǹkan wẹ́wẹ́ pupa rẹ́súrẹ́sú ń dán bíi wúrà, kò sì lẹ̀ mọ́ irin kankan. Idẹ ni, àbí?

Mo ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní tuntun, 48.000. Ọ́ìlì 75W-80 kò sí ní Kétu, ọ̀rẹ́ mi kan ló bá mi rà á bọ̀ láti Àjàṣẹ́. Líta méjì ó dín díẹ̀ ló gbà kó tó kán. Láàárọ̀ yìí, gíà kejì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo bá fi ìkánjú fà á, ó ṣì máa ń dún kírì. Òkè ọjọ́sí, mo gùn ún pẹ̀lú èrò márùn-ún. Àmọ́ pẹ́dà ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ibi tó ti ń gbá ọkọ̀ mú ti yí padà. Ṣé nǹkan kan tún ti bàjẹ́ ni?

Bàbá Onígíà, Àjàṣẹ́

Rárá. Wọ́n fi wáyà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tò ó fún dísìkì tó ti jẹ. Kí wọ́n tún un tò, kí pẹ́dà ní àyè díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Idẹ ni nǹkan tó ń dán yẹn, sénkrò kejì ti fún ọ́ìlì yẹn lára rẹ̀ jẹ; má kánjú fà á, á ṣì bá ọ rìn. Má di ẹrù wúwo fún nǹkan bí 500 kìlómítà àkọ́kọ́, kí dísìkì àti irin lè mọ ara wọn. Bí wọ́n bá sì ń ka ṣéńjì lórí òkè, búréèkì ọwọ́ ni kí o fà.