Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ kó àwọn ọmọ àti màmá mi lọ wo ìjàkadì oníbòjú ní Mexico City

ÌyáTòmíwá_Houston

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè, tó bá gùn ẹ bá mi fara dà á. A ń lọ sí Mexico City nígbà tí iléèwé bá gba ìsinmi, èmi àti bàbá àwọn ọmọ, Tòmíwá tó jẹ́ ọmọ ọdún 10, àbúrò ẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 6, pẹ̀lú màmá mi tí wọ́n wà lọ́dọ̀ wa láti Ìbàdàn. Ọ̀rẹ́ Tòmíwá kan ní kíláàsì, ọmọ Mẹ́síkò ni, ló fi lucha libre, ìyẹn ìjàkadì oníbòjú ti Mẹ́síkò, hàn án lórí YouTube, látìgbà yẹn ọmọ yìí ò sinmi mọ́, gbogbo ẹ̀yìn ìwé ẹ̀ ló ya ìbòjú El Santo, oníjà wọn kan tó gbajúmọ̀, sí, kò sì sí nǹkan tó ń bá mi sọ nípa ìrìn àjò yìí àfi Arena México, Arena México, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń jà.

Mo wá rí i pé àwọn kan wà tí wọ́n máa ń mú ìdílé lọ. Gáìdì á pàdé yín níbì kan, ẹ ó jọ jẹ taco díẹ̀, wọ́n á fún àwọn ọmọ ní ìbòjú, wọ́n á mú yín wọlé, wọ́n á jókòó tì yín, wọ́n á sì mú yín jáde. Owó ẹ̀ ju ti tíkẹ́ẹ̀tì lásán lọ dáadáa o. Ṣé ó yẹ ká san án àbí ká dá lọ? Ṣé ibẹ̀ tiẹ̀ dáa fún ọmọdé, ṣé ẹ̀jẹ̀ kì í wà níbẹ̀? Mo tún gbọ́ pé àwọn òǹwòran máa ń bú èébú tó burú, àwọn ọmọ mi sì gbọ́ Spanish dáadáa.

Ọ̀rọ̀ màmá mi ló le jù. Díákónẹ́ẹ̀sì ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n rí fídíò yẹn, nǹkan tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé kí ló dé tí wọ́n fi bo ojú, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń bọ nǹkan nínú ẹ̀. Mi ò rí èsì gidi fún wọn, mi ò sì fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ lótẹ́ẹ̀lì. Ẹ dákun ẹ bá mi dá sí i.

Akọ̀wé_CDMX

Ìyá Tòmíwá, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Mexico City ni mò ń gbé, iṣẹ́ ló gbé mi débí, tèmi tìyàwó àtàwọn ọmọ la sì máa ń lọ Arena México. Ẹ kó wọn lọ, ẹ má ṣiyèméjì rárá.

Nǹkan tó ṣe pàtàkì jù ni ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ. Wọ́n máa ń ṣe é ní ọjọ́ Tuesday, Friday àti Sunday. Ti Friday ló gbayì jù, àwọn ìràwọ̀ tó lórúkọ jù ló máa ń wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n alẹ́ ni, ó máa ń pẹ́, bíà sì máa ń ṣàn níbẹ̀ bí omi. Ti Sunday ni tàwọn ìdílé. Nǹkan bí aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí bàbá àgbà pẹ̀lú ọmọ ọmọ, ẹ ó rí ọmọ tí ò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa tí wọ́n ti fi ìbòjú sí lórí, ẹ ó sì rí àwọn ìyá àgbà tí wọ́n dìde dúró lórí ìjókòó tí wọ́n ń pariwo mọ́ réfírì. Mo rí i lójú ara mi pé àwọn ìyá àgbà yẹn gan-an ló máa ń pariwo jù, màmá yín á rí ẹgbẹ́.

Ibẹ̀ tóbi o, nǹkan bí 16,000 èèyàn ló ń gbà, ọdún 1956 ni wọ́n ṣí i. Salvador Lutteroth ló kọ́ ọ, òun náà ló dá iléeṣẹ́ tó ń jẹ́ CMLL lónìí sílẹ̀ ní 1933, kò sì sí iléeṣẹ́ ìjàkadì kankan láyé tó ṣì ń ṣiṣẹ́ tó dàgbà jù ú lọ. Ẹ sọ ìyẹn fún Tòmíwá, inú ẹ̀ á dùn.

Ní ti ìjókòó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà ti iwájú pátápátá fún yín. Àwọn oníjà máa ń fò láti inú rìngì gba orí okùn já sórí ara wọn nílẹ̀ẹ́lẹ̀, nígbà míì wọ́n á yí wọnú àga àwọn èèyàn. Ẹ bọ́ sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gòkè lọ jìnnà torí màmá, àtẹ̀gùn ọ̀hún pọ̀, ìlú yìí sì ga tó mítà 2,240 sókè òkun, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń mí gúlegúle tó bá gun àtẹ̀gùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọjọ́ kan tàbí méjì sinmi ná kẹ́ ẹ tó lọ.

Ẹ̀jẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní CMLL. Àwọn ibi kéékèèké kan wà tí wọ́n ti ń fi gíláàsì àti gílóòbù gígùn na ara wọn, ìyẹn kì í ṣe ibi ọmọdé, ẹ má débẹ̀. Èébú ní tiẹ̀, wọn á gbọ́ ọ, mi ò ní parọ́ fún yín, kódà wọ́n á gbọ́ èyí tó kan ìyá oníyàá. Ohun tí mo máa ń sọ fún tèmi kí a tó wọlé ni pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni kí wọ́n fi sílẹ̀ sí, wọ́n sì ń gbọ́.

Ẹ gba gáìdì, ó kéré tán fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tí ò mọ ìtàn tó wà láàárín àwọn oníjà yẹn, èèyàn tó ń fò ló kàn máa rí. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó sanwó: àwọn mélòó lẹ máa jọ lọ, ibo gan-an ni ìjókòó wà, ṣé wọ́n máa yà ní ilé ọtí. Púpọ̀ nínú àwọn túọ̀ yìí, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ mu mezcal, ọtí líle wọn, ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ní ọmọdé àti àgbàlagbà, tí wọ́n bá dákẹ́ tàbí tí wọ́n ní kò sí wàhálà láìṣàlàyé, ẹ wá òmíràn.

BàbáÌbejì

Mi ò gbà pé gáìdì pọn dandan o, ẹ̀gbọ́n. Àwa dá lọ. Uber gbé wa láti ọ̀tẹ́ẹ̀lì dé ẹnu ọ̀nà, a ra tíkẹ́ẹ̀tì níbi fèrèsé wọn, a wọlé, wọ́n yẹ báàgì wa wò, kámẹ́rà ńlá ni wọn ò gbà, fóònù ò ní wàhálà. Ẹni tó bá fẹ́ wọ Metro, ọkọ̀ ojú irin ìlú, ibùdókọ̀ Balderas ò jìnnà síbẹ̀. Owó túọ̀ yẹn fún èèyàn márùn-ún, ẹ lè fi jẹun dáadáa fún ọjọ́ méjì.

Ìtàn tí wọ́n ní gáìdì máa sọ, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ níbí lọ́fẹ̀ẹ́. Oríṣi méjì ni àwọn oníjà, técnico ni àwọn tó ń tẹ̀ lé òfin tí wọ́n ń fò dáadáa, rudo ni àwọn tó ń rẹ́ni jẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn réfírì ṣe jàǹdùkú, ẹ má sì rò pé técnico ni gbogbo èèyàn ń gbè lẹ́yìn o, àwọn rudo ní èèyàn tiwọn tó ń kígbe fún wọn tọkàntọkàn. Mẹ́ta dojú kọ mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù, wọ́n á jà tó ìgbà mẹ́ta, ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mejì ló gbà á. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní olórí, tí wọ́n bá ti dá olórí dùbúlẹ̀ tí réfírì ka ẹ̀ẹ̀mẹta, ìpele yẹn ti tán, tàbí kí wọ́n dá àwọn méjì tó kù. Ẹnì kan ò ní láti fọwọ́ kan ọwọ́ ẹnì kejì kó tó wọlé rọ́pò ẹ̀ bíi ti Amẹ́ríkà, tí ẹni tó wà nínú rìngì bá ti bọ́ sílẹ̀, ẹlòmíì lè wọlé, ìdí nìyẹn tí eré wọn fi yára tó bẹ́ẹ̀. Àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n máa torí ẹ̀ lé èèyàn jáde, bíi kó já ìbòjú ẹlòmíì, kó lù ú lábẹ́, tàbí kó da orí ẹ̀ kọlẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní martinete. Ẹ jẹ́ kí Tòmíwá ka èyí kó sì ṣàlàyé fún àbúrò ẹ̀, ó ti di gáìdì nìyẹn.

Akọ̀wé_CDMX

Bàbá Ìbejì, àlàyé yín dáa, òótọ́ sì ni pé ó ṣeé ṣe. Ìgbà tí wọ́n bá ń jáde ni mo ń rò. Doctores ni àdúgbò yẹn, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń nàjú pẹ̀lú ọmọ lálẹ́, gbogbo èrò á tú sójú títì lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn á máa pe Uber, ẹ̀yin á sì dúró pẹ̀lú màmá tí ẹsẹ̀ ti ń ro. Gáìdì tó mọṣẹ́ ti ní ibi tí mọ́tò máa dúró sí. Tí ẹ bá sì dá lọ, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn tó ń pe èèyàn lójú títì, fèrèsé tàbí Ticketmaster lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_ní_Peckham

Ẹ jẹ́ n dá sí ọ̀rọ̀ màmá, torí ìbéèrè wọn yẹn, ìbéèrè àgbà ni. Ẹni tó bá ti rí eégún rí nílé wa máa bèèrè bẹ́ẹ̀, bó ṣe jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣí aṣọ eégún wo ẹni tó wà nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Mẹ́síkò ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ìbòjú yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí baba ńlá kankan nínú tiwọn, wọn ò sì bọ nǹkan kan. Àwọn kan máa ń so ó mọ́ àwọn Aztec ayé àtijọ́, àmọ́ bó ṣe dé inú rìngì ò jọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ní àwọn ọdún 1930, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jà níbẹ̀ fẹ́ ìbòjú, oníbàtà kan tó ń jẹ́ Antonio Martínez ló fi awọ rán an fún un. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́ ọwọ́ oníbàtà.

Ẹ tún sọ fún wọn nípa Fray Tormenta. Àlùfáà Kátólíìkì ni ọkùnrin yìí, Sergio Gutiérrez lorúkọ ẹ̀, ó ń bọ́ àwọn ọmọ aláìlóbìí, owó ò sí, ló bá wọ ìbòjú ó lọ ń jà kó lè fi owó ẹ̀ tọ́jú wọn, ó ṣe é ju 20 ọdún lọ. Mo rò pé díákónẹ́ẹ̀sì máa fẹ́ràn ìtàn yẹn, ó wú èmi gan-an lórí.

El Santo tí ọmọ yín ń yà, 1942 ló bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìbòjú fàdákà yẹn, kò sì ṣí i ní gbangba. Ní January 1984 ló ṣí díẹ̀ nínú ojú ẹ̀ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, February ọdún yẹn ló kú, ìbòjú yẹn náà ni wọ́n fi sin ín. Ìjà tó lágbára jù lọ́dọ̀ wọn kì í ṣe ti bẹ́líìtì, ìbòjú sí ìbòjú ni. Ẹni tó bá fìdí rẹmi á ṣí ti ẹ̀ níbẹ̀ lójú gbogbo ayé, á sọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ìlú tó ti wá àti iye ọdún tó ti ń jà, kò sì ní lè lo ìbòjú yẹn mọ́. Mo ti rí fídíò tí ọkùnrin gìrìpá ń sunkún, tí ìyàwó àtọmọ ẹ̀ gun rìngì wá dì mọ́ ọn. Ẹni tí ò ní ìbòjú, irun orí ẹ̀ ló máa fi ta, wọ́n á fá a níbẹ̀ náà.

ÀǹtíNọ́ọ̀sì

Mo ka gbogbo ẹ̀, ó dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ apá tèmi. Ọmọ ọdún 10 tó bá rí èèyàn tó fò láti orí okùn, á fẹ́ fò láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àbúrò ẹ̀, mo ti rí apá tó ṣẹ́ torí ẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹ má sọ fún un pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Lóòótọ́ wọ́n ti mọ ẹni tó máa borí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣubú yẹn, ṣíṣubú gidi ni. Ní March 2015, Perro Aguayo Jr., oníjà tó gbajúmọ̀ gan-an, fara pa lọ́rùn nínú rìngì ní Tijuana ó sì kú. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe yẹ kí ọmọ gbọ́ ọ, pé iṣẹ́ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ni, wọ́n tún máa ń ṣe ìdánwò kí ìjọba ìlú tó fún wọn ní láísẹ́ẹ̀sì.

Ọmọ ọdún 6 yẹn, ẹ ra ohun ìbòtí fún un. Ariwo ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, mùsíìkì, ìlù, fèrè àwọn òǹwòran, gbogbo ẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan. Tó bá ní ẹ̀rù ń ba òun, kí ẹnì kan nínú yín gbé e jáde kíá, ẹ má fi dandan mú un jókòó torí pé ẹ ti sanwó.

ÌyáTòmíwá_Houston

Olúwa á bù kún gbogbo yín. Mo ka ti Fray Tormenta sí màmá létí, wọ́n ní kí n tún un kà, wọ́n wá ní "ọkùnrin yẹn á rí ojú rere Ọlọ́run", wọ́n ti ń bèèrè aṣọ tí wọ́n máa wọ̀. Sunday la máa lọ, gáìdì la máa gbà, mo ti kọ̀wé sí àwọn kan pé kí wọ́n má yà nílé ọtí. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ẹ ṣé, a ti bá Tòmíwá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Ó ku ẹyọ kan. Ọmọbìnrin mi ń bèèrè pé ṣé àwọn obìnrin náà máa ń jà níbẹ̀, àbí ọkùnrin nìkan ni.

Akọ̀wé_CDMX

Wọ́n ń jà dáadáa! Ìgbà kan wà tí ìjọba ò gba obìnrin láyè láti jà nínú Mexico City, láti àwọn ọdún 1950, 1986 ni wọ́n tó mú òfin yẹn kúrò. Ní báyìí ìjà obìnrin máa ń wà nínú ètò lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ọmọ tèmi obìnrin mọ orúkọ gbogbo wọn. Ẹ wo ètò ọ̀sẹ̀ yẹn lójú òpó CMLL kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa ń kọ gbogbo ìjà síbẹ̀, kó lè mọ ẹni tó máa gbè lẹ́yìn.

Ìbòjú wà rẹpẹtẹ lórí àtẹ níta, ti ọmọdé wà, aṣọ fẹ́lẹ́ ni, ẹ ná an, ẹ sì mú owó ìlú dání. Ẹ ra ti ọmọbìnrin yẹn náà o, kó má jẹ́ pé ti Tòmíwá nìkan ni, tí ti túọ̀ bá tóbi jù fún un. Tí oníjà kan bá dúró ya fọ́tò pẹ̀lú wọn, kí wọ́n má fọwọ́ kan ìbòjú ẹ̀.

Ní àárọ̀ Sunday yẹn, wọ́n máa ń ti títì ńlá Reforma pa fún mọ́tò kí àwọn èèyàn lè gun kẹ̀kẹ́, tó fi di nǹkan bí aago 2 ọ̀sán. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ kí wọ́n sáré kí ara wọn rọ̀, kí màmá jókòó sábẹ́ igi, kẹ́ ẹ jẹun, kẹ́ ẹ sinmi díẹ̀ lótẹ́ẹ̀lì, kẹ́ ẹ wá gba Arena lọ. Ẹ ṣáà tètè kúrò, mọ́tò máa ń pọ̀ lójú títì tó bá ti di aago 4.