AS lèmi, lábù méjì kọ ohun tó yàtọ̀ fún àfẹ́sọ́nà mi

Ìyàwó-Ọ̀la
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa. AS ni jẹ́nótáìpù mi. Àfẹ́sọ́nà mi ṣe tirẹ̀ ní lábù méjì: ọ̀kan kọ AS, èkejì kọ AC. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní bó bá ti jẹ́ AC, kò séwu, torí S kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Wọ́n tún ní O+ tèmi àti B+ tirẹ̀ bára mu. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ku oṣù méjì. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ká ṣe?

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí
Ẹ gbé O+ àti B+ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ìyẹn wà fún ìgbà tí a bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ síni lára. Kò kan fòníkú-fọ̀ladìde rárá.

Ọ̀rọ̀ "S kan ṣoṣo" yẹn ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Lẹ́tà méjì ni olúkúlùkù ní, ọ̀kan péré ló ń fún ọmọ. Ẹyin yín á gbé A tàbí S. Àtọ̀ tirẹ̀ á gbé A tàbí C. Bí A bá pàdé A, AA. A yín pẹ̀lú C rẹ̀, AC. S yín pẹ̀lú A rẹ̀, AS. Kò sí àìsàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ bí S bá pàdé C, SC nìyẹn, mọ̀lẹ́bí SS, ìyẹn fòníkú-fọ̀ladìde gan-an, ni, àìsàn sì ni. Ọ̀kan nínú mẹ́rin, ní oyún kọ̀ọ̀kan. Bó bá wá jẹ́ AS lòun náà, SS ló máa gba ipò SC, ọ̀kan nínú mẹ́rin náà ni. Èyí tó wù kó tọ̀nà nínú èsì méjèèjì, ewu ò lọ. Irú àìsàn ló yàtọ̀.

Ará Lábù
Bí èsì ṣe ń forí gbárí nìyí. Ọ̀pọ̀ lábù ń lo cellulose acetate, ìyẹn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, ní pH 8.4 sí 8.6. Iná á máa fa ẹ̀jẹ̀ lọ lórí rẹ̀: A ló ń sáré jù, S wà láàárín, C ló ń gbẹ́yìn, ibi tí A2 (èròjà kékeré tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo èèyàn) ń dúró sí gan-an ló sì ń dúró sí. Bí wọ́n bá tètè paná, tí wọn ò sì gbé ẹ̀jẹ̀ AS àti AC tí wọ́n ti mọ̀ dájú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín láti fi wé, ojú lè ka C sí S.

Ẹ bèèrè ohun méjì. Àkọ́kọ́, solubility test: omi rẹ̀ á dàrú bí S bá wà, kì í dàrú fún C. (Kò lè ya AS kúrò lára SS, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òun nìkan kọ èsì fún yín.) Èkejì, HPLC (ẹ̀rọ tó ń ya èròjà ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀, tó sì ń ka iye wọn), tàbí àyẹ̀wò orí agar ní pH 6.0 sí 6.2, tó máa ń ya C kúrò lára A2. Ẹ gba ìwé tó ní iye ìdá nínú 100. AS gidi, A rẹ̀ máa ń ju S lọ. S sábà máa ń wà ní 35 sí 40. Bí S bá ju A lọ, ẹ má gbà pé AS lásán ni, ó lè jẹ́ S pẹ̀lú thalassaemia, àìsàn ìdílé míì tí kì í jẹ́ kí ara ṣe A tó.

Ṣé wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára láìpẹ́? Ẹ̀jẹ̀ pupa máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120. Ẹ ní kó dúró tó oṣù mẹ́rin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ lẹ máa kà.

Ìyàwó-Ọ̀la
Ẹ ṣé gan-an. Tọkọtaya kan tá a mọ̀, AS àti AS, bí mẹ́ta láìsí SS. Wọ́n ní ìkẹrin ló máa jẹ́ ẹ. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé SC ò rọ̀ ju SS lọ?

Tíṣà Báólójì
Kò sí òótọ́ níbẹ̀. Ìkẹrin ò mọ ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà. Ẹ da owó ẹyọ méjì: ojú kan A, ojú kejì S. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá dà á, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni S méjì. Kí ọmọ mẹ́ta yọ jẹ́ 3/4 lọ́nà mẹ́ta, ìyẹn 27/64, nǹkan bí 42 nínú 100. Ìdí nìyẹn tí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ fi pọ̀, tí àwọn èèyàn sì fi ń rò pé orí ló kó wọn yọ.

Ní ti C: orí kromosóòmù 11 ni S àti C wà, ibì kan náà ni wọ́n ti yí padà, ìpele kẹfà lórí okùn beta, ọ̀kan nínú okùn tó para pọ̀ di èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀. Glutamic acid, ọ̀kan lára àwọn èròjà tí wọ́n fi hun okùn náà, ló yẹ kó wà níbẹ̀. Valine ló di S, lysine ló di C. C nìkan kì í tẹ ẹ̀jẹ̀ pupa bíi dòjé bí S ti ń ṣe. Ó kàn ń fa omi kúrò nínú rẹ̀ ni, S tó wà níbẹ̀ á wá ki jù, á sì dọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí
SC sábà máa ń rọ̀ ju SS lọ lóòótọ́. Àwọn míì ò mọ̀ àfi ìgbà tí wọ́n lóyún. Ṣùgbọ́n ojú ni SC máa ń bà jẹ́ ju SS lọ, egungun ìbàdí náà sì wà nínú ewu. Kí wọ́n máa yẹ ẹ̀yìn ojú rẹ̀ wò lọ́dọọdún láti nǹkan bí ọmọ ọdún 10.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ra, a lè yẹ oyún wò láti ara ibi ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 11 sí 14, tàbí láti omi oyún látọ̀sẹ̀ 15. Ewu kékeré wà pé oyún lè bọ́. IVF (kí wọ́n so ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ ní lábù) náà wà, kí wọ́n yẹ ọlẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e sínú, ṣùgbọ́n owó ńlá ni. Bí ọmọ bá ti dé, F, èròjà ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú oyún, ló kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nítorí náà HPLC lẹ́yìn ìbí, ká tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ará Lábù
Kí ẹ̀yin méjèèjì fa ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ kan náà ní lábù kẹta, tiyín náà nílò àtúnyẹ̀wò. Ẹ má sì sọ ohun tí méjì àkọ́kọ́ kọ fún wọn kí èsì tó jáde.