Kuala Lumpur sí Sìngápọ̀: òkè kò jìnnà, ilẹ̀ ló ń gba àkókò

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó béèrè bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó, wọ́n ti dáhùn pé bíi kìlómítà 300 ni láti KLIA, pápákọ̀ òfurufú Kuala Lumpur ní Malaysia, dé Changi, pápákọ̀ òfurufú Sìngápọ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ má fi ìyẹn nìkan ṣètò ọjọ́ yín.

Kuala Lumpur ni mò ń gbé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì wà ní Sìngápọ̀, nítorí náà ọ̀nà yẹn ti mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Wákàtí kan lé díẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ bíi ìṣẹ́jú 45 péré ni bàálù fi ń wà lókè. Ìyókù, ó ń rìn nílẹ̀ ni, tàbí ó ń dúró kí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ gbéra tán. Àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ kì í ráyè mí. Iná bẹ́líìtì á ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, wọ́n á ti máa pín omi; ẹ ò tíì mu ún tán, wọ́n ti ń nawọ́ gba ife, nítorí bàálù ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Sepang ni KLIA wà, ó tó kìlómítà 55 sí àárín ìlú. Rélùwéè KLIA Ekspres láti KL Sentral, ibùdókọ̀ rélùwéè ńlá Kuala Lumpur, ni mo fọwọ́ sí, ìṣẹ́jú 28 ló ń gbà, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ kò sì kàn án. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlà àwọn aṣọ́bodè, nígbà tí ẹ ń lọ àti nígbà tí ẹ bá dé. Àwa tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ti gba físà kí a tó kúrò nílé. Bí mo bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, láti ẹnu ọ̀nà mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó ń lọ sí wákàtí márùn-ún.

Bọ́ọ̀sì ń fi bíi wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà rìn ín, ó sì dínwó. Àmọ́ ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè ní Johor Bahru, ní ẹ̀gbẹ́ Malaysia, ẹ tún sọ̀ ní Woodlands, ní ẹ̀gbẹ́ Sìngápọ̀, pẹ̀lú ẹrù yín. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tàbí bí ìsinmi bá ti súnmọ́, orí afárá tó so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ kì í ṣeé gbà. Ẹni tó bá ní ọmọ kékeré lọ́wọ́, kó wọ bàálù.

Èsì: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Kí ẹni tó bá ń wọ bàálù lọ sí Jakarta, ní Indonesia, láti Sìngápọ̀ kíyè sí aago o. Ó tó kìlómítà 880, wákàtí méjì ò lé, àmọ́ Jakarta fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. Bí ẹ bá gbéra ní agogo mẹ́sàn-án, tíkẹ́ẹ̀tì lè sọ pé ẹ máa balẹ̀ kí mẹ́wàá tó lù. Bí ẹ bá ń padà, á wá jọ wákàtí mẹ́ta. Bí wọ́n bá sì ń retí ìpè yín nílé, Sìngápọ̀ fi wákàtí méje ṣáájú Nàìjíríà, Jakarta fi mẹ́fà.