Wágọ́nù èédú ilẹ̀ àti àwòṣe rẹ̀: èsì sí ẹ̀gbọ́n wa

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Súrùlérè dábàá pé kí á máa pe wágọ́nù tí rélùwéè fi ń kó èédú ní "kẹ̀kẹ́-ẹrù èédú", kí á sì máa pe èyí kékeré tí àwọn èèyàn ń tò sórí tábìlì ní "ẹ̀dà kẹ̀kẹ́-ẹrù". Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n méjèèjì kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Mo mọ ibi tí ẹ ti rí i. Kẹ̀kẹ́-ẹrù wà nínú Bíbélì. Òun ni Jósẹ́fù fi ránṣẹ́ láti gbé bàbá rẹ̀ wá sí Íjíbítì. Ó sún mọ́ ọn lóòótọ́, torí wágọ́nù kì í dá rìn, ẹ́ńjìnnì ló ń fà á. (Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba "ọkọ̀ èédú" náà.) Ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè kẹ̀kẹ́ ẹrù ní Ọyìngbò lónìí, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó ẹrù ọjà ni wọn yóò dá dúró fún yín. Bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́tta. Wágọ́nù lòun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é.

Èédú gan-an ló ká mi lára jù. Lọ́dọ̀ obìnrin tó ń sun àgbàdo ní Yábàá, igi tí a sun ni èédú. Èyí tí wágọ́nù ń kó, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wà á. Ọdún 1909 ni wọ́n rí i ní agbègbè Enúgu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915. Nígbà tó di 1916, rélùwéè ti ń gbé e lọ sí Port Harcourt. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o láti ibẹ̀ wá sí Èkó nígbà náà, òun sì ni iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Ìjọ́rà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1923, ń dá níná. Ọmọ tó bá ka "èédú" lásán yóò rò pé igi Òkè-Ògùn ni wọ́n fi tan iná Èkó! Ẹ jẹ́ kí á kọ ọ́ ní èédú ilẹ̀.

Tẹ́ńdà, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, kò sí lára ọ̀rọ̀ yìí. Èédú ilẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa jó ló ń gbé; ẹrù ẹlẹ́rù ni ti wágọ́nù.

Ó wá kan "ẹ̀dà". Ẹ̀dà ìwé kì í yàtọ̀ sí ìwé, ṣùgbọ́n wágọ́nù orí tábìlì kì í bá ti gidi mu pátápátá. Àwọn tó ń ṣe wágọ́nù kékeré ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìwọ̀n 1 sí 76 (mìlímítà kan dúró fún 76) ń gbé e sórí irin méjì tí àlàfo àárín wọn jẹ́ mìlímítà 16.5. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 76, ó di 1,254. Irin tòótọ́ tiwọn jẹ́ 1,435. Tiwa àtijọ́ tó ti Ìddó lọ jẹ́ 1,067. Kò bá ìkankan mu. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tiwa ní ìwọ̀n yẹn, mìlímítà 14 ni yóò lò. Nítorí náà, àwòṣe ni mo fara mọ́: a wò ó, a ṣe é, ojú ẹni tó wò ó sì hàn nínú rẹ̀. Ẹnì kan ní àwòṣe ni ohun tí à ń wò ṣe òmíràn. Àwòkọ́ṣe nìyẹn, "kọ́" àárín rẹ̀ ló gbé ẹ̀kọ́ wọ̀ ọ́.

Ó ku ilẹ̀kùn abẹ́ wágọ́nù, tí wọ́n ń ṣí kí èédú ilẹ̀ lè dà sílẹ̀. Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣiṣẹ́ ní Lókò, níbi tí rélùwéè ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, kí ni wọ́n ń pè é?