Emacs ń ṣí síbi tí ojú kò tó bí mọ́nítọ̀ kejì kò bá sí

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá. Emacs 29 (ètò tí a fi ń kọ kóòdù àti ọ̀rọ̀) lórí Windows ni. Mọ́nítọ̀ 1920×1080 wà lápá òsì kọ̀ǹpútà alágbèéká, ìyẹn ni pé etí òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti -1920. Bí mo bá kọ `(left . -1920)` sínú `default-frame-alist` (ètò tí gbogbo fèrèsé Emacs ń tẹ̀ lé), etí ọ̀tún ni Emacs ti ń kà á, `(left . (+ -1920))` ló gbé e síbi tó yẹ.

Àmọ́ bí mo bá yọ wáyà mọ́nítọ̀ náà, fèrèsé á ṣí síbi tí a kò lè rí i. Alt+Space kò ṣèrànwọ́, torí Emacs fúnra rẹ̀ ló ń gba Alt. `M-: (set-frame-position nil 0 0)` (`M-:` ni Alt àti `:`, tí a fi ń pàṣẹ fún Emacs) ló ń dá a padà, bí afọ́jú sì ni èèyàn á ṣe tẹ̀ ẹ́.

Mo fẹ́ kí Emacs kọ́kọ́ yẹ `display-monitor-attributes-list` (tó ń sọ mọ́nítọ̀ tó wà) wò. Nínú `early-init.el` (fáìlì tí Emacs kọ́kọ́ ń kà), kò tíì yá fún un. Nínú `window-setup-hook` (tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí fèrèsé bá ti ṣí), ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n fèrèsé á kọ́kọ́ yọ lójú kọ̀ǹpútà kó tó fò lọ sósì.

Ṣé `(visibility . nil)` (pé kí fèrèsé má hàn) nínú `initial-frame-alist` (ètò fèrèsé àkọ́kọ́), ká wá pe `make-frame-visible` láti fi í hàn lẹ́yìn náà, lè dá ìfò yẹn dúró? Ẹ jọ̀ọ́, kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ni mo ń wá.